Dírẹ́bà Méje

Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn ò wa ọkọ̀ kankan.
Méje ni wọ́n nínú iṣẹ́ tí mò ń tọ́jú ní Kémbíríìjì.
Tiwọn ni kí wọ́n máa sọ fún ọpọlọ ẹ̀rọ pé
sáré báyìí, iṣẹ́ pọ̀;
rọra báyìí, olówó ẹ ti sùn, má jẹ iná mọ́.

Mo ṣí fáìlì àkọ́kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé,
òjò Nofẹ́ńbà ń fi èékánná ha fèrèsé.
Ìlà mọ́kànlélógún:
wá àtẹ ìsáré, ka iye iná, ṣírò rẹ̀, forúkọ sílẹ̀.
Mo ṣí èkejì. Ìlà mọ́kànlélógún.
Ẹ̀kẹta. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́:
àṣìkọ kékeré tó wà nínú ti àkọ́kọ́
wà lára méjèèje, bí ilà ọwọ́ olóòlà kan ṣoṣo.

Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́? Ta ló wò ó kọ?
Emrys rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa. Ọjọ́ ń lọ, ọ̀gá ń pariwo, a dà á kọ."

Nílé tí mo háyà yàrá sí lẹ́yìn afárá Mill Road,
àwa márùn-ún la ní kẹ́tùlù márùn-ún,
mílíìkì márùn-ún nínú fíríìjì kan,
orúkọ oníkálukú lára tirẹ̀.
Omi kan náà ló ń hó nínú gbogbo wọn.
Èyí ni mò ń rò bí mo ṣe ń pa ìlà rẹ́.
Mo kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sọ ọ́ ní Arànlọ́wọ́,
mo ní kí àwọn méje máa ké sí i.
Ara mi fúyẹ́.

Ní aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú (Ìlú Ọba, ẹ mọ̀ ọ́n),
pátákó ìdánwò karùn-ún dákẹ́.
Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná fẹlifẹli.

Mo padà sínú ohun tí mo ti parẹ́.
Ìlà méjìlélógún ni ti karùn-ún. Ojú mi ti fò ó:
*Dúró díẹ̀ kí o tó yí i. Ọmọ yìí kì í gbọ́ ní kíá. Morwenna.*
Emrys bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ó ti fẹ̀yìn tì sí Cornwall. Oṣù mẹ́ta ló fi wá ìlà yẹn."

Ìbejì lè jọra títí,
ìyá wọn mọ èyí tí kì í jẹ ẹ̀wà.

Mi ò tú ohun tí mo ti kó jọ.
Mo kàn fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Arànlọ́wọ́
kí ẹni tó bá ń ké sí i lè sọ pé: dúró fún mi.
Mẹ́fà kọ òdo síbẹ̀. Karùn-ún kọ iye tirẹ̀,
mo sì fi orúkọ Morwenna sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Ìlà méjìdínláàádọ́jọ ló lọ, méjìlélọ́gbọ̀n ló wọlé.
Pátákó náà tutù, ó ń mí.

Mo délé ní aago mẹ́jọ. Kẹ́tùlù mi ti jó.
Mo dúró ní kíṣìnì pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́,
mò ń wo mẹ́rin yòókù.
Mo kan ilẹ̀kùn Danuta.
"Lò ó," ló wí láti inú bẹ́ẹ̀dì.
"Di bọ́tìnnì rẹ̀ mú o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í hó."