Mẹ́ta Nínú Márùn-ún

Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló ń ka ìwọ̀n kájù fún ẹgbẹ́ wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́:
ọ̀kan ní Tákìẹ́, ọ̀kan ní Sábó, ọ̀kan ní Ìjẹ̀rù,
ọ̀kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Òkè-Àdó,
ìkarùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń mí bí ológbò.

Bí ẹnì kan bá kó àpò mẹ́rìnlá wá sí Sábó,
ìwé máràrùn-ún gbọ́dọ̀ sọ pé mẹ́rìnlá ni,
kì í ṣe mẹ́tàlá, kì í ṣe mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé gbogbo wọn ni yóò dáhùn kí ẹ tó sanwó?"
Àǹtí Látẹ̀jú ló bi mí, ó ti sọ àpò tirẹ̀ kalẹ̀.
Mo ní rárá. Mẹ́ta ti tó.
Olórí wọn á béèrè lẹ́ẹ̀kan,
kò ní kí kálukú máa lọ bi kálukú;
mẹ́ta bá ti gbà, ó di àkọsílẹ̀, kò ṣe é pa rẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní,
"Ká ní irú wọn ló jókòó sí ìpàdé òrùlé."

Òrùlé ilé bàbá wa ló ń wí.
Ọdún mẹ́sàn-án la fi jíròrò páànù.
Mọ́kànlá ni wá: mẹ́ta ní Tàmálè,
ẹnì kan ní Àbíjàn tí fóònù rẹ̀ ń dún tí kò gbé e.
A ní ẹnu gbogbo wa gbọ́dọ̀ kò.
Ẹnu kò kò. Òjò ò dúró de ẹnu.
Ògiri yàrá Ìyá Àgbà wó.

Lálẹ́ àná, iná lọ ní Tákìẹ́, olórí sì dákẹ́.
Mo jókòó, mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá.
Òkè-Àdó ló kọ́kọ́ fura sí ìdákẹ́jẹ́ náà:
sáà kẹtàdínlógún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dìbò fún mi.
Sábó dìbò. Ìjẹ̀rù dìbò.
Tèmi ṣì ń ronú nígbà tí ìbò ti pé.
Kí n tó rí bàtà mi wọ̀,
àpò ẹnì kan tó pẹ́ dé ti wọ inú ìwé.

Agogo mẹ́rin, Tákìẹ́ jí. Ó ṣì rò pé òun ni olórí,
sáà kẹrìndínlógún ló ń pè.
Wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré.
Ó dìde lórí àga, ó ṣí ìwé,
ó ń da ohun tó fò ó kọjá kọ,
kò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ta ló ní kí ẹ má dúró dè mí?"

Bọ̀dá Oyèkúnlé ń bọ̀ láti Tàmálè lọ́jọ́ Ẹtì.
Mẹ́fà nínú wa ti ra páànù.
Mi ò mọ ohun tí yóò sọ.