Má Fún Un Lọ́rùn

Lórí àpáta Mpape, lẹ́yìn ilé tí mo yá gbé,
òpó mẹ́rin máa ń tò sókè ojú fóònù mi,
kúkúrú, gíga díẹ̀, gíga, gàgàrà,
bí ọmọ ìyá mẹ́rin tó dúró fún fọ́tò.
Bí mo bá ti gbé e sétí, mẹ́ta á sá.

Tòkunbọ̀ ni. Mo rà á ní Wuse
lọ́wọ́ ẹni tó búra fún mi lẹ́ẹ̀mejì.
Mo bú ẹni náà, mo bú ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì,
mo bú òkúta, mo bú ọyẹ́ tó fi eruku bo Àbújá.
N kò bú ọwọ́ mi.

Ọwọ́ tó ti ń tẹ́ táìlì láti ọdún mọ́kànlá
sí balùwẹ̀ Maitama tí n kò ní wẹ̀ níbẹ̀ láé.
Símẹ́ńtì ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó le bí èèpo igi.
Ohun tí mo bá dì mú kì í bọ́.
Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn nídìí ayùn, ní Ìgbájọ:
"Lásún, dì í mú. Ohun tó bá já bọ́, ó di ti ilẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di ìrun Jímọ̀,
Ìbídùn pè láti ọsibítù.
"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Bàbá ti kú—"

Ó já.

Mo fún fóònù náà bí ẹni ń fún aṣọ tútù.
Hẹ́lò! Òpó kan. Hẹ́lò! Kò sí òpó.
Mo gun àpáta, bàtà mi kan ṣẹ́kù sísàlẹ̀,
mo tún dì í mú sí i,
àfi bí ẹni pé ọrùn ọwọ́ Bàbá ni,
tó ń yọ̀ lọ.

Zubairu tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn pupa
wò mí títí, ó gbé irin òjé rẹ̀ kalẹ̀.
Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu oníbàárà
kò ní "ẹ", kò ní "yín" nínú:
"Ọ̀gá, haba! Má fún un lọ́rùn.
Etí rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, lápá òsì,
ibi tí ìka kékeré ẹ tẹ̀ mọ́ yẹn.
Ìwọ lo di í létí."

Ó tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí a ti ń tú ìka ọmọ tó sùn ti ṣíbí.
Ó gbé fóònù sórí àtẹ́lẹwọ́ mi tó là sílẹ̀
bí ẹyin awó.
A dúró. Eruku ń kọjá.
Òpó kan jí. Èkejì.
Ó dún.

"Ẹ̀yin náà ẹ máa ń gbé fóònù jàre!
Mo ní Bàbá ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì,
wọ́n ń rìn káàkiri, wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì jà
nítorí ẹ̀kọ tí kò gbóná."

N kò lè fèsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ẹ̀rù sì ń bà mí láti pa á dé.
Zubairu ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.
"Igba náírà," ló wí, kò gbójú sókè.