Ẹnu àti Oògùn

Aago méjì òru, ilé ìwòsàn Ch'ínílį́,
ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ibi-tí-omi-ti-ń-ṣàn-jáde,
bẹ́ẹ̀ odò ibẹ̀ ti gbẹ láti oṣù kẹfà,
iyanrìn pupa ló ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Imas gbé ife kékeré dání, hóró oògùn méjì nínú rẹ̀.
Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra.
"Azéé'," ó wí.
Bessie Etcitty la ojú kan.
"Ẹnu? Ẹnu ta ni?
Èmi ní tèmi. Eyín ló kù."

Ohùn ló gbé sókè jù.
Ká ní ó jẹ́ kó jókòó nílẹ̀ ni, ìbá di oògùn.
Ní Cimalaka tí wọ́n bí Imas sí, nílẹ̀ Sùńdà,
ohùn kì í gun òkè kí ìtumọ̀ bá a gùn;
ọ̀rọ̀ tẹ́jú bí omi inú oko ìrẹsì.
Òkè tiwọn wà níbòmíràn:
ta ni ìwọ, ta ni èmi.
Èmi jẹun, neda. Ẹ̀yin jẹun, tuang.
Ajá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, a kì í dá a lójú àlejò.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó fi tuang sọ̀rọ̀ ara rẹ̀,
ìyá rẹ̀ gbá a létí,
bí ẹni tó bá ọmọ lórí àga bàbá.

Bessie ò mọ̀ nípa àga.
Lọ́dọ̀ tirẹ̀, nǹkan náà fúnra rẹ̀ là ń wò.
Gbé ife omi fún mi: shaa níkaah.
Gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì fún mi: shaa níłtsóós.
"Fún mi" lásán kò sí.
Ọwọ́ ní láti ti mọ ohun tó fẹ́ gbà,
ó ṣe róbótó ni, ó gùn gbọọrọ ni, ó rọ̀ ni, àbí omi wà nínú rẹ̀,
kí ẹnu tó là.
Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ Imas fi ọ̀rọ̀ ife bèèrè ìbọ̀sẹ̀.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹta.

Lóru yìí oorun ò kun ẹnikẹ́ni.
"Kí lẹ ń pe ìyá?"
"Ìyá ta ni?"
"Ìyá. Ìyá lásán."
Àgbà mi orí lórí ìrọ̀rí.
Shimá, ìyá mi. Nimá, ìyá rẹ.
Èyí tí a ò tilẹ̀ mọ ọmọ rẹ̀,
a ó wá ẹnìkan fún un: amá, ìyá ẹnìkan.
"Kò sí ìyá lásán, ọmọ yìí. Ta ló bí ọ?"

Imas ṣàlàyé tiwọn. Pun biang ni tèmi.
Tuang ibu ni tiyín.
Tèmi, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tiyín, mo gbé e ga.
"Kí ló dé tí o fi rẹ ìyá rẹ sílẹ̀?"
"Ọ̀wọ̀ ni."
Ó tún un wí, "Ọ̀wọ̀ ni,"
ó sì ń tún aṣọ ibùsùn tí kò wọ́ ṣe.
Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilé.

"Ó dáa. Kí lẹ ń pe èyí?"
Bessie ka ìka sí ife.
"Cai. Òun ló wà níwájú orúkọ ìlú wa, Cimalaka."
"Tó. Òun ló wà níwájú tiwa, Tónaneesdizí.
Omi tó lọ́ mọ́ra wọn.
Ewúrẹ́ mi kan kú síbẹ̀."
Kò sọ bó ṣe kú.
"Shaa níkaah," ó wí,
ọwọ́ Imas sì ti dé ara ife kí etí rẹ̀ tó gbọ́.
"Azee'," ní pẹ̀lẹ́. Ohùn náà jókòó nílẹ̀.
Àgbà gbé oògùn mì.

Ní Cimalaka aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù,
wọ́n á máa kó ìrẹsì kúrò nínú oòrùn torí òjò.
Imas jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ fóònù,
ó dúró, ó dúró.
"Ema," ó wí.
Kò fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀.