Àgò Onílé

Àwọn ọmọ mi ló dá owó náà jọ,
Fẹ̀hìntọlá tó ń wa tírélà ní Rijáínà,
Morádéún tó ń bá báńkì ṣírò owó olówó.
Wọ́n ní, "Màmá, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
lẹ fi wẹ arúgbó ọlọ́mọ ní Wínípẹ̀gì.
Ó tó kí ẹnìkan bu omi gbígbóná fún ẹ̀yin náà."
Mo ní èló ni.
Wọn ò dá mi lóhùn.

Láti Prince Rupert ni bàálù kékeré ti gbé wa,
bàtà ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ dípò táyà.
Ìsàlẹ̀ ò sí, òkè ò sí,
funfun ni gbogbo rẹ̀,
bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó
tí dígí ojú rẹ̀ fọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà.
Awakọ̀ ń súfèé. Èmi ń ka Sáàmù.
Àfi gbì! Omi.

Wọ́n gba àpótí lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun.
Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ ju yàrá tí mo kọ́kọ́ háyà ní Kánádà lọ;
owó ilé oṣù méjì ni oorun alẹ́ kan.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́ràn:
mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣẹ́ igun rẹ̀ bí ti ọsibítù.
Ọmọbìnrin tó wá tún yàrá ṣe dúró,
ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí,
ó ní, "Ibo lẹ ti ṣiṣẹ́ rí?"
A jọ rẹ́rìn-ín
bí olè méjì tó dá ara wọn mọ̀ lọ́jà.

Lọ́jọ́ kẹta, Verna fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí abúlé àtijọ́.
Ahoro, mo pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi.
Kédárì ṣubú lé kédárì,
òpó ilé tí wọ́n gbẹ́ ojú ẹyẹ ìwò sí lára,
ewéko rírọ̀ bí irun àgùntàn ti bò ó dé imú.
Igi kan hù láàárín ààrò, ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.
Kùrukùru ń wọlé, ó ń jáde,
kò kanlẹ̀kùn.

Dókítà eyín láti Kálígárì ní,
"Ẹ ò ṣe gbé wọn dìde, kí ẹ fi símẹ́ńtì dì wọ́n?
Owó mà ń bẹ."
Verna fi apá ẹ̀wù nu imú.
"Ohun tó ti rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀."
Lẹ́yìn náà ló sọ ti àìsàn náà,
èyí tó ń sọ sí ara bí àgbàdo,
tó kó ọmọ, kó ìyá, kó ẹni tí ì bá sin wọ́n.
Mo mọ̀ ọ́n. Nílé wa, a kì í dárúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.
Ilẹ̀ gbígbóná là ń pè é.
Ó ní àwọn tó ṣẹ́kù tu ọkọ̀ lọ,
ọmọ wọn lòun.

Agbo-ilé wa ní Òkè-Ìlá, òjò ti fọ ògiri rẹ̀ tán,
síbẹ̀ ìyá mi kì í gba ibẹ̀ kọjá láìkí wọn.
Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀:
"Àgò onílé o."

Dókítà eyín wo ìyàwó rẹ̀.
Verna ò bi mí pé kí ni mo wí.
Ó kọjú sí ibi tí ilẹ̀kùn ti wà rí,
ó sọ̀rọ̀ ṣókí lédè tirẹ̀,
èdè tó ń dún bí ẹni fi eyín já okùn,
ó wá juwọ́ sí mi:
ó yá, ẹ máa bọ̀.

Lálẹ́, Morádéún pè.
"Màmá, fọ́tò dà?"
Mo ní kùrukùru ni, kò sí fọ́tò.
"Háà! Gbogbo owó yẹn!"
Mo wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà,
ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.
Wọ́n ti kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn fẹ́ bá mi nù ún.
Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀.