Òjò Oṣù Kejìlá

Èmi ni mo rọ òjò náà.
Orí kẹta ìwé mi, ìlà kejì:
"Òjò ń rọ̀ lóru tí wọ́n pa Barau."

Oṣù kejìlá ni, ní Bwari;
ọyẹ́ ti la ètè àtàgbà àtọmọdé,
eruku pupa jókòó sórí ewé máńgòrò bí ẹni tó sanwó ilé.
Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti kọ̀wé, nínú oṣù kẹfà,
òjò ń lu páànù lórí mi,
mo bá bu díẹ̀ níbẹ̀ sí ikú ẹlòmíràn.
Òǹtẹ̀wé ní ibẹ̀ gan-an ló dùn ún kà jù.

Terfa ra ìwé náà láti fi ṣe fíìmù.
Ó háyà tánkà omi méjì láti Kubwa.
Wọ́n fi rọ́bà fọ́n ọn sí òfuurufú, iná ńlá ń tàn sí i,
ọmọkùnrin tó ń ṣe Barau ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà
kó tó kú dáadáa.

Àwọn ará àdúgbò gbé jẹ́ríkàn jáde.
Ta ló máa wo omi níran kó ṣòfò ní Bwari?
Asabe, ìyá òkú, wà láàárín wọn.
Ó gbé bàsíà sábẹ́ òjò mi,
ó kún, ó rù ú.

"Màlámù," ló wí, nígbà tí mo tẹ̀ lé e délé,
"òjò kankan kò rọ̀.
Eruku ni. Ipa bàtà wọn wà lẹ́nu ọ̀nà mi fún ọjọ́ mẹ́ta.
Mo fi bàsíà yìí dé ọ̀kan, kí ewúrẹ́ má tẹ̀ ẹ́.
Kò sí ọlọ́pàá kankan tó wá ṣí i wò."

Fíìmù ti jáde.
Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, ṣé ẹ ò rí i ni, òjò ló fọ ipasẹ̀ wọn nù.
Sambo, aládùúgbò, tó ti búra rí pé eruku kún ojú òun,
ti ń rántí báyìí pé aṣọ òun tutù.

Mo ti ní kí wọ́n yọ ìlà náà nínú àtẹ̀jáde kejì.
Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré.
Nílé wa, bí ọmọ bá kú, wọ́n á ní
omi ló dànù, agbè ò fọ́.
N kò jẹ́ sọ ọ́ létí Asabe.
Òjò tèmi kò tíì dá:
ó ń rọ̀ ní Wuse, aago mẹ́rin, aago méje,
tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.