Ohun Tí Akọ̀wé Kò Kọ

Ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní Kábà
akọ̀wé kan tẹ orúkọ mi láìwojú mi.
Fáànù ń ti eruku ọyẹ́ káàkiri orí tábìlì.
Ó ní, "Kà á wò bóyá ó pé."

Lẹ́tà pé. Kò sí èyí tó sọnù.
Ṣùgbọ́n ìbí tó tó oyè,
Ìbítóyè tí bàbá bàbá mi fi ń yangàn ní Ìsánlú,
ti di ibi tó yè:
aburú kan tí wọ́n rò pé ó ti kú,
tó tún gbérí lórí káàdì ìjọba.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àmì ńkọ́?"
Ó ní ẹ̀rọ kò mọ àmì.
"Ṣé àmì lo máa jẹ lálẹ́ ni?"
Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fún un pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn
ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runnípa
fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì sórí fóònù Bàbá Kékeré:
*E ma ta ile naa*
Ọ̀rọ̀ márùn-ún, lórí ìhòòhò.
Ìyá mi, tí kì í ka nǹkan mìíràn ju Bíbélì lọ, kà á:
Ẹ má ta ilẹ̀ náà.
Bàbá Kékeré kà á:
Ẹ máa ta ilẹ̀ náà.
Ẹni tó ti gba ìdajì owó lọ́wọ́ oníbàárà,
etí wo ni ì bá fi gbọ́ *má*?
Wọ́n gbé fóònù sáàárín lábẹ́ igi kajú,
wọ́n ń wò ó bí ọmọ tí kò tíì fọhùn.

Nígbà tí Kérésì yóò fi dé,
búlọ́ọ̀kù ti dúró níbi tí kajú wà.
Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sókè,
lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì dákẹ́.

Kọ́mà kan ṣoṣo ni akọ̀wé rí fún mi:
*Ibitoye, Remilekun.*
Ó fi là mí kúrò lára bàbá tí n kò rí rí,
tí wọ́n sin ní oṣù méjì kí wọ́n tó bí mi.
Bí ìyá mi bá ń pe Rẹ̀mílẹ́kún láti ẹ̀yìnkùlé,
ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀rẹ̀ sí ibojì,
kó tó gòkè.
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kí ló kù?
Lẹ́tà mẹ́sàn-án.

Bàbá arúgbó tó tẹ̀lé mi sún mọ́ tábìlì.
"Òkun o," ló wí,
ìkíni tí wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ní Ìbàdàn:
ṣé òkun tó ní ìgbì ni, àbí okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́?
Akọ̀wé gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.
"Òkun, bàbá. Ẹ jókòó."
Kò ṣi ohùn náà pè rárá.

Mo padà sídìí tábìlì.
Mo ní kó yá mi ní bírò rẹ̀.