Àmì Kan Lórí Súré

Tíṣà Oyèdìran fi gègé pupa yí i ká,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àròkọ mi:
"Bàbá mi súre láti Ìjẹ̀rù dé ilé ìwòsàn."
Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, súre ni àbí súré?
Ṣé àdúrà ni bàbá rẹ ń gbà lójú títì ni?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Mo gbé e lọ bá ìyá bàbá mi
níbi tó ti ń pa kóró kajú,
tí epo rẹ̀ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ dúdú.
"Màámá, kí ni ìtumọ̀ sáré gan-an?"
Kò gbójú sókè.
"Sá ló kọ́kọ́ wà.
Sá ni ti ẹtu tó gbúròó ìbọn.
Sá ni ti àwọn ìyá ìyá mi nígbà ogun,
tí wọ́n fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná
tí wọn ò padà wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Ẹni tó ń sá kò mọ̀ bóyá òun yára.
Ẹ̀rù ló gbé e, kì í ṣe ẹsẹ̀."

"Eré ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta tó kù yọ.
"Eré ni tìrẹ, bí òjò bá ṣú,
tí o ń lé ewúrẹ́ onílé kiri,
tí ẹnikẹ́ni ò rán ọ, tí ẹnikẹ́ni ò lé ọ.
Ta ló wá so wọ́n pọ̀? Èmi ò mọ̀.
Bóyá ọmọdé ni.
Bóyá àgbà kan ni, tó sá títí tí ẹ̀rù fi tán,
tí ẹsẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó ti tán."

Télọ̀ ni bàbá mi.
Ó máa ń rìn bí ẹni ń wọn aṣọ:
ìṣísẹ̀ kan, á dúró, ìṣísẹ̀ kejì.
Lóru ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pé ìyá mi ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀,
epo ti wọ́n, ọ̀kadà ò sí.
Ó bọ́ sóde tòun ti téèpù lọ́rùn,
téèpù ń fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù.
Bàtà kan bọ́ ní Tákíẹ̀, kò yà mú un.
Ajá lé e, ó rẹ ajá.
Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ni wọ́n fà níkẹyìn,
gbígbóná.

"Nígbà tó wá fọwọ́ lé orí ọmọ," Màámá ní,
"ó fẹ́ wúre, ohùn ò jáde.
Èémí nìkan: hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀.
Kí lo rò pé ìyẹn jẹ́?"
Ó mú kóró mìíràn, ó fi òkúta là á.

Mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà.
Mo pa á rẹ́. Mo tún fi í sí i.
Ìwé ti lu níbẹ̀ báyìí.
Lóde, ewúrẹ́ onílé ń sá,
àbúrò mi Oyèwọlé ń ṣeré.